Ìpàdé Káńsù l'Ábẹ́òkúta: Èyí Tó Yẹ Kí Ará Ìlú Wọ̀, Èyí Tí Wọ́n Lè Tilẹ̀kùn Ṣe

Ìyá kan tó ń ta ata ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà ìlú yìí ló bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi kún owó ìsọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n bi ẹni tó wá já tíkẹ́ẹ̀tì pé ta ló fi kún un, ó ní ìpàdé ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Màmá wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o máa ń lọ sí káńsù, ìpàdé wo nìyẹn? Àwọn ta ló jókòó síbẹ̀? Ṣé ẹnu ọ̀nà wọn ni kò gba àwa ni?"

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDA. Iye ìgbà tí mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìpàdé pọ̀ ju iye ìgbà tí mo wọlé lọ. Ìgbà kan wà tí mo lo wákàtí mẹ́ta lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ káńsù kan, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sọ fún mi pé "wọ́n ṣì wà nínú ìpàdé, sà", àṣé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún náà ni wọ́n ń kà lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé mo lè béèrè irú ìpàdé tó jẹ́. Mi ò sì mọ̀ pé bí wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ìpinnu tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè tì mọ́lé. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ tò síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ káńsù tó ni ọ̀rọ̀ yín

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro Abẹ́òkúta láàárín ara wọn. Gúúsù Abẹ́òkúta, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aké, ní wọ́ọ̀dù 15. Àríwá Abẹ́òkúta, tí tirẹ̀ wà ní Akọmọ̀jẹ, ní wọ́ọ̀dù 16. Ìtòkú, Kútọ àti Omídá wà lábẹ́ Gúúsù; Láfẹ́nwá àti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó wà lábẹ́ Àríwá. Ẹni tó ń gbé l'Ọbańtókò ń ná ọjà Abẹ́òkúta, ó ń wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Odẹdá ni káńsù rẹ̀. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò ní Aké lórí ọ̀rọ̀ tí Akọmọ̀jẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ tún wò ó bóyá káńsù ló ni iṣẹ́ náà. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ti ọdún 1999, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó, owó orí ilé. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wà nínú ìwọ̀nyí, ìpàdé káńsù ni ibi tó yẹ kí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí títì ńlá ìjọba àpapọ̀, ẹ máà jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn lásán.

Ìpàdé ò jọra

Ohun tó máa ń da èèyàn rú ni pé ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní "ìpàdé". Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mọ èyí tí ẹ ń lọ.

Àkọ́kọ́ ni ìjókòó àwọn káńsẹ́lọ̀. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló yan káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn ló sì para pọ̀ di ìgbìmọ̀ aṣòfin ìbílẹ̀. Olórí tí wọ́n yàn láàárín ara wọn ló ń darí ìjókòó, kílákì ilé ló ń kọ àkọsílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òfin ìbílẹ̀, níbẹ̀ ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ti ń kọjá. Ìjókòó yìí ló jẹ mọ́ ará ìlú jù. Ìbò wa ló gbé wọn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ìdí tí a ò fi ní lè jókòó lẹ́yìn kí a máa wò wọ́n àfi tí ohun kan pàtó bá dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tí àwọn káńsẹ́lọ̀ pín ara wọn sí, tó ń yẹ ìnáwó, ìlera tàbí ọ̀rọ̀ ọjà wò kí ó tó dé iwájú gbogbo ilé. Àwọn yìí máa ń pe èèyàn wá sọ tẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọjà bá wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ wá sọ̀rọ̀. Ohùn ẹyọ kan nínú ìgbìmọ̀ kékeré máa ń wúlò ju ariwo ogún èèyàn lọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti parí.

Ìjókòó alága pẹ̀lú àwọn súpáfáísọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó yàn láti máa bójú tó ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni ẹ̀kẹta. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn fún èyí, mi ò sì bá wọn jà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàkóso nílò ibi tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti lè bá ara wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń bá wọn fà ni pé kí wọ́n má gba ibẹ̀ yẹn ṣe ohun tó jẹ́ ti ilé aṣòfin, bíi kí wọ́n fi kún owó ìsọ̀ láìjẹ́ pé àwọn káńsẹ́lọ̀ mọ̀ sí i.

Ìpàdé ààbò, níbi tí ọlọ́pàá, àwọn ìjòyè àtàwọn fijilanté ti ń sọ ibi tí olè ń gbà, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í. Ìpàdé ìlú tí wọ́n pè láti gbọ́ èrò wa lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn pátápátá.

Ibi tí òfin dúró sí

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti jogún irú káńsù yìí, òfin kan ti wà láti ọdún 1960 tó ní kí ìpàdé káńsù ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú àtàwọn oníròyìn, pé kí wọ́n fẹnu kò kí wọ́n sì sọ ìdí kí wọ́n tó lè ní kí èèyàn jáde. Nàìjíríà ò ní òfin àpapọ̀ kan tó dá dúró báyẹn lórí ìpàdé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó wà, ẹ ní kó mú un wá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò ṣófo. Abala 7 nínú ìwé òfin 1999 ní káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣe ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi kíkọ òfin tí wọ́n máa fi ṣètò rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Abala 39 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn àti láti tàn án ká. Ilé aṣòfin ìbílẹ̀ tún ní òfin ìjókòó tirẹ̀, ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé, iye ọmọ ilé tó gbọ́dọ̀ pé kí ìjókòó tó lè bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí àlejò lè ṣe. Ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kílákì. Àwọn tó ń darí ìjókòó gan-an, mélòó nínú wọn ló ti kà á tán?

Èyí tó lágbára jù ni òfin FOI (Freedom of Information), ìyẹn òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí ju ìpàdé lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìwé ìpàdé gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìpàdé náà. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ parí àríyànjiyàn náà: òfin FOI de ìjọba àpapọ̀, ó de ìpínlẹ̀, ó de ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ ṣì máa bá òṣìṣẹ́ tí ìròyìn náà ò tíì dé etí rẹ̀ pàdé.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ kan náà dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí owó bá ń bọ̀ ní tààrà, yàrá tí wọ́n ti ń pín in ni ó yẹ kí ojú wa wà.

Ìgbà wo ni wọ́n lè tilẹ̀kùn?

Ẹ̀gbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìpàdé ìkọ̀kọ̀. Àwọn Ògbóni ń jókòó ní ilédì wọn, ẹni tí kò bá wọ ẹgbẹ́ kì í débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu tó bá kan ìlú, ìlú ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, kóra jọ sí ààfin Aké ní ìparí ọdún 1947, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láìsí obìnrin kankan níbi tí wọ́n ti ń pinnu rẹ̀ ló dùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kíní ọdún 1949, wọn ò sì padà wálé títí di òpin ọdún 1950. Owó ìsọ̀ Màmá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ yẹn jù bí a ṣe rò lọ.

Nítorí náà, èmi kì í bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ tilẹ̀kùn. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ọ̀rọ̀ wo gan-an ni ẹ tì í mọ́, yóò ti pẹ́ tó, ìgbà wo ni a ó sì gbọ́ ìpinnu. Mo ń fi ohun tí òfin FOI gbà kí wọ́n pa mọ́ ṣe òṣùwọ̀n: ohun tí wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti fi pa mọ́ sínú ìwé, kò yẹ kí wọ́n fi pa mọ́ sínú yàrá.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òṣìṣẹ́ kan tí wọn ò tíì wádìí parí, tàbí àìsàn ẹnì kan tó ń tọrọ ìrànwọ́, ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Abala 14 nínú òfin FOI dáàbò bo irú rẹ̀. Kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí bo owó oṣù mọ́lẹ̀: orúkọ, ipò, owó oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iṣẹ́ wà lára ohun tí abala 2 ní kí ọ́fíìsì ìjọba fúnra rẹ̀ gbé síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ìnáwó náà wà níbẹ̀.

Ti kọ́ńtíráàtì yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń da ìyẹ̀fun sí wa lójú. Iye tí kọngílá kọ̀ọ̀kan sọ pé òun máa gbà ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ kí wọ́n tó yan ẹni tó gbà á, kí ẹnìkan má baà yọjú wo tẹnìkejì. Abala 15 gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ fún ẹnìkan, ìdí tí wọ́n fi tilẹ̀kùn ti lọ. Orúkọ ẹni tó gbà á, iye rẹ̀, iye àwọn tó díje, ó yẹ kí a lè rí gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ "ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì ni, àṣírí ni" lórí kòtò àgbàrá tí wọ́n ti gbẹ́ tán, tí ó ti ń wó lulẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí lọ́yà káńsù fún wọn lórí ẹjọ́ tó wà nílé ẹjọ́ náà lè wà ní ìpamọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí tí àwọn agbófinró ń ṣe lọ́wọ́. Mo tún máa ń fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ń dúnàádúrà ilẹ̀ tí káńsù fẹ́ rà, nítorí bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá ti mọ iye tí wọ́n lè san, iye náà ni yóò pè, owó wa ni yóò sì bá a lọ.

Àwọn ìdí tí kì í ṣe ìdí ńkọ́? "Ọ̀rọ̀ náà gbóná." "Àwọn oníròyìn á bà á jẹ́." "Alága ò tíì fọwọ́ sí kí èèyàn wọlé." "Ọ̀rọ̀ owó ni." Bọ́jẹ́ẹ̀tì, òfin ìbílẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ wa, ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn olùṣirò owó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kí wọ́n jókòó lé lórí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí ọjọ́ ìjókòó tó pé

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì kílákì ilé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ béèrè ọjọ́ àti aago ìjókòó, àti ètò ìjókòó, ìyẹn ìwé tó to ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ pe káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín náà kí ẹ sọ pé ẹ̀ ń bọ̀. Káńsẹ́lọ̀ tó mọ̀ pé àwọn tó dìbò fún òun ń bọ̀ wá wò ó, ara rẹ̀ máa ń yá sí i láti bá wọn bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ má lọ nìkan, ẹ má sì kó èrò lọ. Èèyàn mẹ́ta tó: ẹnìkan tó mọ ìwé kọ, ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, àgbàlagbà kan tí wọn ò ní lè jágbe mọ́. Àwa lọ mẹ́rìnlélógún nígbà kan. Wọ́n rò pé ìwọ́de ni, wọ́n sì ti géètì.

Lẹ́nu ọ̀nà

Ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kò ṣe òfin, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ohun tí èmi máa ń sọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjókòó àwọn káńsẹ́lọ̀ tòní ni a wá wò. A máa jókòó lẹ́yìn ni, a ò ní sọ̀rọ̀."

Bí ó bá ní, "Bàbá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé," ẹ má bá a jà. Ẹ bi í pé, "Ó dáa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ti dìbò láti ti ìjókòó ni, àbí ẹnìkan ló kàn sọ ọ́?" Kò ní mọ ìdáhùn, ẹ ó sì ní kó bá yín pe kílákì. Kílákì ni ìbéèrè náà tọ́ sí. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú aago àti ipò rẹ̀, kí ẹ sì kà á fún un kó gbọ́. Mo ti rí i lójú ara mi, lẹ́ẹ̀mejì, pé kíkọ ọ́ sílẹ̀ yẹn nìkan ti ṣí ilẹ̀kùn.

Nínú yàrá

Ẹ pa fóònù yín mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ olórí ilé kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, bírò àti ìwé ṣì wà. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má kùn, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ káńsẹ́lọ̀ lẹ́nu, kódà bó bá ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa àdúgbò yín. Ẹni tó bá dá ìjókòó rú ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n ń wá.

Ẹ kọ aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti iye káńsẹ́lọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí iye náà kò bá tó èyí tí òfin ìjókòó wọn béèrè, ìpinnu ọjọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni? Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, iye tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti iye tó ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Nọ́ńbà owó ni kí ẹ ṣọ́ jù, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ní ẹ máa rántí rẹ̀ nílé, ẹni mẹ́ta yóò rántí iye mẹ́ta.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde

Apá yìí, àwọn káńsẹ́lọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn fẹ́ ṣe dáadáa, ẹnikẹ́ni ò kàn fi hàn wọ́n. Bí ẹ bá ní láti tilẹ̀kùn, ẹ má kàn wo ojú wa kí ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè". Kí ọmọ ilé kan dábàá rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kó sì dárúkọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ láìtú àṣírí rẹ̀: "ọ̀rọ̀ ìbáwí òṣìṣẹ́ kan", "iye tí àwọn kọngílá kọ wá lórí iṣẹ́ tí a ò tíì gbé fún ẹnikẹ́ni". Kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Ẹ dìbò. Kí kílákì kọ ọ́ àti aago rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ dárúkọ ni kí ẹ sọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé: wọ́n á tilẹ̀kùn nítorí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ pín ìsọ̀ ọjà tuntun. Bí ẹ bá parí, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ pè wá padà, kí olórí ilé sì ka ìpinnu sétí ìgbọ́ gbogbo èèyàn. Kí àkọsílẹ̀ apá tí ẹ tì wà lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ sórí rẹ̀ ìgbà tí ìdí tí ẹ fi tì í máa kọjá.

Fún àwa tí wọ́n ní ká jáde: ẹ jáde. Ẹ má dúró jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan nínú yín wí pé, "A ti gbọ́, olórí. Ẹ jọ̀ọ́, kí kílákì bá wa kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀." Kí ẹ sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sílé níbẹ̀ yẹn, wọ́n á sì pàdánù ìpinnu tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá.

Ìwé ló kù

Bóyá ẹ wọlé tàbí ẹ ò wọlé, ẹ béèrè ìwé. Òfin FOI kò ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn, tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fún un ní ẹ̀dà kan. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó dára kí ọmọ tó mọ̀wé nínú ilé kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Sí Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀. Lábẹ́ òfin FOI ọdún 2011, mo ń béèrè fún ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí: àkọsílẹ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀ aṣòfin ìbílẹ̀ ti ọjọ́ báyìí, òfin tàbí ìpinnu tó fi kún owó ìsọ̀ ní ọjà báyìí, àti iye owó tó wọlé láti ọjà náà láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí. Bí apá kan bá wà tí òfin gbà kí ẹ pa mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ fún mi ní ìyókù, bí abala 18 ṣe wí. Mo ṣetán láti san owó fotokópì."

Orúkọ, àdírẹ́sì, fóònù, déètì, ìbuwọ́lùwé. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu sítáǹpù mọ́ tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹ̀dà tí kò ní sítáǹpù kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹ má béèrè "gbogbo ìwé ọdún yìí". Ohun tó bá tóbi jù ni wọ́n máa ń fi ṣe àwáwí.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní. Bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí wọ́n ní láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un, kí wọ́n sì kọ̀wé sọ fún yín. Owó fotokópì àti àdàkọ nìkan ni wọ́n lè gbà. Kò sí owó "fáìlì", kò sí owó "ọ̀gá". Bí wọ́n bá máa kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n dárúkọ abala tí wọ́n dúró lé, kí ẹni tó kọ̀ ọ́ sì fi orúkọ àti ipò rẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi kọjá, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti lọ sílé ẹjọ́. Níbẹ̀, káńsù ló máa fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti pa ìwé náà mọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́nà àìtọ́, owó ìtanràn ₦500,000 wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ kí wọ́n má baà rí i, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán ló ń dúró dè é. Mi ò ní kí ẹ sáré lọ sílé ẹjọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìrántí, kí ẹ dárúkọ ìdájọ́ oṣù kẹrin 2025 nínú rẹ̀. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú ará ìlú, Public Complaints Commission, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa náà ń ṣe ètò àárọ̀ ní Yorùbá tí wọ́n ti ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa ka ọgbọ̀n ọjọ́ náà bí ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí, nítorí kò ní dúró dè yín.

Ìwé tí ẹ bá rí gbà, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ilé ẹnìkan. Fáìlì CDA wa ń kọjá láti ọwọ́ akọ̀wé sí akọ̀wé, ètò ìjókòó, àkọsílẹ̀ tiwa àti ti káńsù wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a lè rí ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀.

Ti Màmá aláta, èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méje kọjá, a kọ ìrántí, ní ọjọ́ kejìlá ìwé méjì jáde. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ti fi kún owó ìsọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tó wà nínú ìwé kéré sí iye tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà. Màmá ní kí n ṣe fotokópì ojú ìwé tó ní nọ́ńbà náà. Wọ́n fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, wọ́n kàn án mọ́ òpó ìsọ̀ wọn níbi tí ojú ti lè tó o, àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì sì ti wá ya tiwọn níbẹ̀.